Kánò, Argungu, Ìlọrin àbí Kagoro: Ọdún Ìbílẹ̀ Wo Ló Yẹ Kí Ará Àbújá Kó Ẹbí Lọ Wò?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń gbé Àbújá, bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ni pé: "Níbo la ó kó àwọn ọmọ lọ báyìí?" Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn lè lọ sílé. Owó ọkọ̀ ti di ohun tí à ń fọwọ́ lẹ́rán wò, ìsinmi ọjọ́ méjì tí ìjọba ń kéde kò sì tó láti dé Ìbàdàn kéèyàn tún padà síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, Òkè Ọya tí a wà yìí kún fún ọdún ìbílẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń wọkọ̀ òfúrufú wá wò. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Kubwa àti Nyanya, tí Haúsá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń rí i.

Mo fẹ́ fi àwọn ọdún náà wéra níhìn-ín bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ará ẹgbẹ́ wa. Kí n tó wo owó, kí n tó wo ọ̀nà, ohun kan ni mo fi ń díwọ̀n wọn: ta ló ni ọdún náà? Ọdún tí àwọn onílùú á ṣe bí àlejò kankan ò tilẹ̀ yọjú, ìyẹn lèmi gbà pé ó yẹ kéèyàn náwó sí. Èyí tó jẹ́ pé àpò ìjọba nìkan ló gbé e dúró, ọjọ́ tí àpò bá gbẹ ló parí.

Ta ló ń mú ọjọ́?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ètò ti máa ń dàrú. Ọdún ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní Durbar, ti Kánò, ti Zaria, ti Ìlọrin àti ti Bídà, òṣùpá ló ń darí wọn. Ọdún Ìtúnu àwẹ̀ àti ọdún Iléyá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Ti Ìtúnu ló le jù: alẹ́ tó ṣáájú ọdún ni Sultan Ṣókótó máa ń kéde pé oṣù ti lé, ẹni tí kò sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà ti pẹ́ jù. Ti Iléyá dẹrùn, torí bí oṣù bá ti lé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣì wà láàárín. Ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, Iléyá ni kó mú.

Argungu, ọdún ẹja pípa ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, omi ló ni ín. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí odò ti fà tí àwọn àgbẹ̀ sì ti kórè tán, ni wọ́n máa ń ṣe é. Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: Rámádánì ti bọ́ sí àkókò yẹn gan-an báyìí. Ní 2027, nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kejì ni àwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, yóò sì wọ oṣù kẹta kó tó tán. Ìlú Mùsùlùmí ni Argungu. Ó ṣòro kéèyàn rò pé wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja sínú odò lójú àwẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ ọdún tó kọjá ṣírò tọdún tó ń bọ̀ o. Ẹ dúró de ìkéde ìjọba Kebbi.

Afan, ọdún àwọn ará Kagoro ní gúúsù Kàdúná, kò ní wàhálà kankan ní tiẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni. Ọjọ́ Nupe tí wọ́n ń ṣe ní Bídà náà, ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ni, wọ́n fi ń rántí ìgbà tí àwọn Nupe kojú ọmọ ogun òyìnbó ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ẹni tó ní ọ̀gá tó le níbi iṣẹ́, tó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìsinmi sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, inú irú àwọn yìí ni kó ti mú tirẹ̀.

Kánò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìlú ńlá nínú ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù, Kánò ni. Ìtàn àwọn ọba Kánò tí wọ́n kọ sílẹ̀ láyé àtijọ́ sọ pé Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, ló kọ́kọ́ ṣe ọdún Ìtúnu ní ìlú náà. Òun náà ni wọ́n ní ó mú kàkàkí àti bàtà ìyẹ́ ògòǹgò wọ ààfin. Ilé tó kọ́, Gidan Rumfa, ni Ẹmíà ń gbé títí dòní. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi Durbar Kánò sínú àkọsílẹ̀ ogún àjogúnbá ọmọ ènìyàn ní oṣù 12, ọdún 2024, ohun tí àwọn ará ìlú náà ti ń ṣe láti ìran dé ìran ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọwọ́ sí.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ ọdún gan-an ni Hawan Sallah, tí Ẹmíà á kírun ní yídì, tí yóò sì gẹṣin padà sí ààfin. Ọjọ́ kejì ni Hawan Daushe. Ọjọ́ kẹta, Hawan Nassarawa, ọba á lọ kí gómìnà. Bí ọjọ́ kan péré lẹ ní, Hawan Daushe ni kẹ́ ẹ mú. Ọjọ́ yẹn ni ẹṣin pọ̀ jù, tí àwọn ará ìlú sì ti jẹ ẹran ọdún tán, tí gbogbo wọn jáde.

Ẹ wá àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí oòrùn ọ̀sán tó rọ̀. Kàkàkí lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, fèrè tó gùn ju ẹni tó ń fọn ọ́n lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlùgáítà, fèrè mìíràn tí ohùn rẹ̀ kì í dákẹ́ mí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní agboolé-agboolé, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ má wo àwọn èèyàn nìkan, ẹ wo ẹṣin náà fínnífínní: aṣọ tí wọ́n kó òwú sí nínú tí wọ́n wá rán ní àlà-àlà láti ọrùn dé ìdí, ìjánu aláwọ pupa àti ewéko, idẹ wẹ́wẹ́ níwájú orí tó ń ró ṣaworo ṣaworo bí ẹṣin bá mi orí. Bí ẹ bá rí ẹni tí láwàní rẹ̀ ní etí méjì tó dúró lókè, ọmọ ọba nìyẹn. Àwọn dogarai, ẹ̀ṣọ́ ààfin, á wọ pupa àti ewéko, wọ́n á máa kígbe oríkì. Ẹmíà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lábẹ́ agboòrùn, láwàní á bo ẹnu àti imú rẹ̀ débi pé ẹyinjú rẹ̀ nìkan lẹ ó rí.

Nígbà tó bá dé ojúde ààfin ni ohun tí àwọn ọmọdé kì í gbàgbé. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan á fi eré àsápajúdé kọrí sọ́dọ̀ ọba. Eruku á gba gbogbo ilẹ̀. Ó ku ìgbésẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹni tó ṣáájú á fa ìjánu, ẹṣin á dúró gírí, òun á na ìkúùkù sókè fi kí ọba, ọba náà á na tirẹ̀ dá a lóhùn. Jahi ni wọ́n ń pè é.

Mi ò lè fi ìṣòro Kánò pa mọ́ fún yín. Ní 2024 àti 2025, ọlọ́pàá fòfin de Durbar nítorí awuyewuye tó wà lórí oyè Ẹmíà. Èèyàn lè ti san owó ilé ìtura, kó ti dé Kánò pàápàá, kí wọ́n tó ní kò sí ẹṣin mọ́. Ohun tí mo ṣe ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má san owó ilé ìtura tí kò ṣeé gbà padà nìyẹn. Èrò tún pọ̀ gan-an. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́jọ, èmi ò ní mú un lọ sójú ọ̀nà Kánò lọ́jọ́ Hawan Daushe, àfi bí ẹ bá ní ẹni tó lè gbà yín sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀. Ní ti oúnjẹ àti ibùsùn, ọwọ́ yín á bà á: Sàbọ̀n Gàrí, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò, kún fún àwọn èèyàn wa tí bàbá bàbá wọn ti dé ibẹ̀, àmàlà ò sì wọ́n níbẹ̀.

Argungu

Ibí yìí ni ọkàn mi fà sí jù nínú gbogbo wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ dáadáa.

Fún ìran mélòó kan ni àwọn ará Kebbi àti Ìjọba Ṣókótó fi bá ara wọn jagun. Ṣókótó ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú Haúsá, àmọ́ Argungu kò tẹrí ba. Ní 1934, Sultan Ṣókótó, Hassan dan Mu'azu, wá kí Argungu lálejò, wọ́n sì fi ẹja pípa dá a lọ́lá nínú odò wọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹja pípa ti di ọdún ńlá, ìyẹn ni pé lórí àlàáfíà láàárín ọ̀tá méjì ni wọ́n kọ́ ọdún yìí lé. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2016, ọdún mẹ́jọ ṣáájú ti Kánò.

Odò Matan Fada ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja níbẹ̀ kí ọdún tó dé, ìdílé Sarkin Ruwa, olórí omi, ló sì ń bójú tó o. Kí ọjọ́ ẹja tó pé, eré orí omi tí wọ́n ń pè ní Kabanci á ti wáyé: wíwa ọkọ̀ ojú omi, lílúwẹ̀ẹ́, fífi ọwọ́ lásán mú ẹja, mímú pẹ́pẹ́yẹ igbó nínú omi. Ìjàkadì wà, dambe tí wọ́n fi ìkúùkù jà wà, ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀ sì wà, tí ẹ ó rí alùbọ́sà tó tó orí ọmọ ọwọ́ àti oríṣi ìrẹsì.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni ọjọ́ náà gan-an. Ohun méjì ni apẹja ń gbé dání. Èkíní ni àwọ̀n ọwọ́, tí wọ́n na mọ́ igi títẹ̀ méjì tó ń ṣí tó ń pa dé bí ọwọ́ bá ti ṣe é. Èkejì ni akèrègbè ńlá, tó fẹ̀ ju àyà ọkùnrin lọ, tí wọ́n lu ẹnu sí lókè. Apẹja á fi àyà lé akèrègbè náà, yóò gbé e léfòó lórí omi. Ẹja tó bá sì mú, inú ẹnu yẹn ló ń jù ú sí. Wọn kò gba ìwọ̀, wọn kò gba àwọ̀n ìgbàlódé. Gbogbo wọn á tò sí bèbè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin pẹ̀lú akèrègbè lórí tàbí lábẹ́ abíyá, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi. Ìbọn á dún. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ò ní rí omi mọ́, orí èèyàn àti akèrègbè nìkan lẹ ó máa rí.

Bíi wákàtí kan péré ni wọ́n ní. Ẹja tí gbogbo wọn ń wá ni giwan ruwa, erin inú omi. Ní oṣù kẹta 2020, ẹja tó gba ipò kìíní wọn kílò 78, ẹni tó mú un sì gba mílíọ̀nù 10 náírà pẹ̀lú ẹ̀bùn mìíràn. Ẹ wo ẹni tó gbé ẹja tó tóbi tó èèyàn jáde látinú omi ẹrẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àwọn ará abúlé rẹ̀ ń sáré bọ̀ wá gbé e. Kò sí eré orí ìtàgé tó tó o.

Bí a bá wá fi Kánò àti Argungu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an nìyí: ní Kánò, ẹni tó ní ẹṣin àti orúkọ ìdílé ló ń ṣọdún, àwa yòókù ń wò ó. Ní Argungu, ẹni tó wà láàárín agbo ni mẹ̀kúnnù, apẹja tí kò ní ju akèrègbè lọ, àwọn gómìnà àti ọba ló sì jókòó sórí àga tí wọ́n ń wò ó. Kánò dùn mọ́ ojú jù. Argungu dùn mọ́ ọkàn.

Ìṣòro rẹ̀ kò kéré o. Láti 2010 títí di 2019, wọn kò ṣe é rárá. 2020 ló tó padà wá. Ó jìnnà pẹ̀lú. Ẹ wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Birnin Kebbi tàbí Ṣókótó, kẹ́ ẹ wá fi mọ́tò parí rẹ̀: láti Birnin Kebbi, kò tó wákàtí kan. Láti Ṣókótó, ó fi díẹ̀ dín ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Èmi ò ní gba ọ̀nà Kontagora lọ láti Àbújá lásìkò tí a wà yìí, bó ti wù kí owó bàálù wọ́n tó. Ilé ìtura kéré ní Argungu fúnra rẹ̀, nítorí náà Birnin Kebbi ni kẹ́ ẹ ti wá ibùsùn. Ooru ibẹ̀ ní oṣù kẹta le. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ jókòó sínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ìlọrin àti Zaria: fún ẹni tí Kánò ń bà lẹ́rù

Àwọn baba wa ti sọ ti Ìlọrin tán nínú oríkì rẹ̀: ìlú tó tóbi tó yìí, kò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé baba wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ìyẹn nìkan tó fún Yorùbá tó bá fẹ́ fi han ọmọ rẹ̀ bí Òkè Ọya àti ilẹ̀ Yorùbá ṣe wọnú ara wọn. Nígbà Iléyá, lẹ́yìn ọjọ́ ọdún, ni wọ́n máa ń ṣe Durbar ní Ìlọrin, níwájú ààfin Ẹmíà. Láwàní àti ẹṣin àti kàkàkí wà níbẹ̀ bíi ti Kánò, ṣùgbọ́n ìlù Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀, ewì lẹ ó gbọ́ tí ẹ ó lóye rẹ̀, ìyá àgbà tó jókòó tì yín á máa sọ orúkọ agboolé tó ń kọjá fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í. Ọmọ tí kò gbọ́ ju Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì lọ ní Nyanya á padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu. Ní ti títóbi, Kánò ju Ìlọrin lọ, kò sí àní-àní. Ní ti pé kéèyàn wọnú ọdún dípò kó kàn dúró wò ó, Ìlọrin ni mo fọwọ́ sí fún ìdílé Yorùbá. Bàálù ń lọ láti Àbújá. Ọ̀nà ilẹ̀ tó gba Kabba lọ sí Ọ̀mù-Àrán, ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa lẹ́nu àwọn awakọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ má sì rìn ín lálẹ́.

Zaria sún mọ́ Àbújá ju Kánò lọ. Rélùwéè ń gbé èèyàn láti Idu tàbí Kubwa dé Rigasa ní Kàdúná, nǹkan bí kìlómítà 187, Zaria kò sì ju ọgọ́rin kìlómítà síwájú lọ. Mo mọ̀ pé ìkọlù tí àwọn agbébọn ṣe sí ọkọ̀ ojú irin náà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022 kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbé ẹ̀rù rẹ̀ sílẹ̀ tipátipá. Oṣù 12 ọdún náà ni ọkọ̀ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó dára ní Zaria ni pé ìlú inú odi kò fẹ̀ tó ti Kánò: ẹṣin ń kọjá nítòsí yín, ẹ sì lè kúrò láàárín èrò bó bá sú yín. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sùn ní Samaru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, tàbí ní Sàbọ̀n Gàrí.

Bídà, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Durbar Etsu Nupe, ọba àwọn Nupe, dára, àwọn oníṣẹ́ idẹ àti àwọn Masaga tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ lọ lọ́tọ̀, àmọ́ ọ̀nà Lapai àti Agaie máa ń dáni lágara lásìkò òjò, ọjọ́ 26 oṣù kẹfà sì bọ́ sínú òjò gan-an.

Ọdún orí òkè: Kagoro, Kwoi, Jos

Bí ẹ bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tó fẹ́ ọdún tó bọ́ sí àkókò Kérésìmesì àti ọdún tuntun, Afan ni. Àwọn ará Kagoro ní gúúsù Kàdúná ló ni ín. Ọdún ọdẹ àti ìkórè ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n gbé e sí ọjọ́ kìíní ọdún tuntun kí àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi lè bá wọn péjọ. Ìyẹn ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lórí pápá, ọmọ ìlú tó wá sílé ni. Àwọn ọdẹ á fi ọrun àti ọfà jó, obìnrin á jó ní ẹgbẹẹgbẹ́, òkè Kagoro á dúró lẹ́yìn wọn nínú ọyẹ́. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Láti Àbújá, ẹ ó gba Keffi àti Kwoi, ẹ sì bi àwọn ará Kàfáńṣàn tí ẹ mọ̀ léèrè bí ìlú ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, torí àwọn ọdún kan ti wà tí wọ́n sún un síwájú nítorí ètò ààbò.

Ní ọ̀nà kan náà ni Kwoi, níbi tí àwọn Ham ti ń ṣe Tuk-Ham lákòókò Àjíǹde. Abúlé Nok kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wa kùsà ti kọ́kọ́ rí ère alámọ̀ ìgbàanì ní 1928. Bàbá tó ní ọmọ ilé ìwé gíga tó ń kọ́ ìtàn, ibí yìí ni kó mú un lọ. Tuk-Ham kò pariwo tó Afan, àmọ́ àǹfààní méjì wà nínú ìrìn àjò kan.

Nzem Berom ní Jos, oṣù kẹrin ni. Ó kó ọdún Berom mélòó kan pọ̀ sójú kan, lára wọn ni Mandyeng tí wọ́n fi ń pe òjò àti Nshok tó jẹ́ ti ọdẹ. Ẹni tó bá ń fẹ́ orin àti ijó ju ẹṣin lọ, Jos ni kó lọ. Ilé ìtura pọ̀ níbẹ̀, ojú ọjọ́ tù èèyàn lára, àwọn Yorùbá sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìṣòro kan náà tó wà ní Kagoro ló wà níbẹ̀ náà: ẹ gbọ́ ìròyìn kẹ́ ẹ tó gbéra.

Kogi: ibi tí obìnrin gbọ́dọ̀ ti béèrè kó tó lọ

Ní Ogori, Ovia-Osese jẹ́ ọdún àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ́ sí ipò àgbà, oṣù kẹrin ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin náà ni gbogbo ìlú ń wò, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, aṣọ híhun nídìí, àwọn ìyá wọn ń kọrin yí wọn ká. Ìyá tó ní ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà, mo mọ ìdí tó fi lè fẹ́ kó rí èyí ju ẹṣin ẹgbẹ̀rún lọ. Ìlú kékeré ni, kò sí ariwo, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì gbọ́ Yorùbá.

Ekuechi àwọn Ebira, ní agbègbè Okene, yàtọ̀ pátápátá. Òpin ọdún ni wọ́n ń ṣe é, alẹ́ sì ni. Obìnrin kò gbọdọ̀ jáde ní alẹ́ náà. Àwa Yorùbá tí a mọ orò kò ní kà á sí nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n tọkọtaya wà tí wọ́n lọ láìbéèrè, tí ìyàwó wá sùn nínú yàrá tí ọkọ ń gbọ́ orin lóde. Ọkùnrin tó bá fẹ́ lọ, kó wá ọmọ ìlú tó máa mú un lọ. Kì í ṣe ibi tí àlejò ń dá rìn.

Àbújá fúnra rẹ̀

Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Carnival Àbújá, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́. Oṣù 11 ni wọ́n máa ń ṣe é, gbogbo ìpínlẹ̀ á kó eégún, onijó àti ẹlẹ́ṣin wá, wọ́n á yí ìlú ká. Ó dùn nígbà tó ń lọ. Nígbà tí owó ìjọba àpapọ̀ dín kù ló bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọdún, torí kò sí ìdílé, kò sí odò, kò sí agboolé kan tó lè sọ pé tàwọn ni. Ẹ má gbé ètò ìsinmi yín lé e. NAFEST ni kẹ́ ẹ máa wò ní ipò rẹ̀, àjọ̀dún àṣà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tó ń yí láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọdún tó bá bọ́ sí ìlú tó sún mọ́ wa, ẹ kó ọmọ lọ, ẹ ó rí ìpínlẹ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ kan láìrin ọ̀nà jíjìn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra

Aṣọ: níbi Durbar gbogbo, obìnrin kó wé gèlè tàbí ìborùn, kí aṣọ ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí ẹ dá fún ọdún Iléyá dára púpọ̀. Àwọn ará Kánò fẹ́ràn kí àlejò múra. Ní Argungu, bàtà tí ẹrẹ̀ kò lè fà ya.

Fọ́tò: ẹ lè ya ẹlẹ́ṣin bó ti wù yín. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya obìnrin, ẹ má ya inú ààfin àfi bí wọ́n bá fún yín láṣẹ, ẹ má sì fò wá síwájú ẹṣin tó ń sáré nítorí fídíò. Ẹṣin Jahi kò lè yà fún yín.

Owó: ẹ gbé náírà kéékèèké dání fún máṣà, kílíṣí àti fùrá tí ẹ ó rà lójú ọ̀nà, àti fún àwọn onílù tó bá pe orúkọ yín. Ẹ̀rọ POS máa ń kọṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ọdún nítorí èrò, pàápàá ní Argungu. Ilé ìtura Kánò àti Birnin Kebbi ń kún ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ fóònù wọn tààrà, ẹ béèrè bóyá wọ́n á dá owó padà bí wọ́n bá fagi lé ọdún náà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín.

Àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, Ìlọrin tàbí Jos ni kí wọ́n lọ, torí wọ́n á rí ìjókòó. Ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá, Zaria lẹ kọ́kọ́ mú un lọ, kẹ́ ẹ tó mú un dé Kánò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ, tí wọ́n lè sùn níbi tí ibùsùn kò ti rọ̀, kí wọ́n da owó jọ láti oṣù kẹsàn-án fún Argungu, kí wọ́n sì máa gbọ́ rédíò Kebbi láti oṣù 12 lọ.